Bí ẹ ṣe lè yan gíà ọ́ìlì òde òní fún ọkọ̀ ológun ayé àtijọ́

Agolo méjì ló máa ń dúró síwájú ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì jíìpù àtijọ́. Wọ́n kọ GL-4 sára ọ̀kan, wọ́n kọ GL-5 sára èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé GL-5 torí pé márùn-ún ju mẹ́rin lọ, wọ́n sì gbà pé èyí tó dé kẹ́yìn ló dára jù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ta ló gba ipò kìíní, ta ló gba ipò kejì. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan fún ló ń sọ. Ọ́ìlì tó ń dá ẹ̀mí axle, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín táyà méjì, sí lè máa jẹ idẹ inú gíábọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, láì pariwo, títí di ọjọ́ tí gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ ṣe ń ka ìtọ́sọ́nà yìí: ẹ mọ ohun tó wà nínú àpótí kí ẹ tó ka ohun tó wà lára agolo. Ẹ má ṣe fi orúkọ ọkọ̀ yan ọ́ìlì. Ọkọ̀ kan lè ní àpótí mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń lo ọ́ìlì, kí oúnjẹ ọ̀kan sì jẹ́ májèlé fún èkejì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ ka àpótí

Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Tí ẹ bá máa fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ fi ohun ìdúró irin sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé; jáàkì nìkan kò tó nǹkan tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo àpótí tó ní ìdérí ọ́ìlì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi jíìpù Willys MB ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1941 sí 1945, tí Ford náà sì ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní GPW. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ni T-84, tó ń gba nǹkan bíi lítà 0.7. Transfer case, ìyẹn àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bíi lítà 1.4. Axle iwájú àti ti ẹ̀yìn ń gba bíi lítà 1.2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí sítíárìn ń gba díẹ̀. Àpótí márùn-ún nìyẹn nínú ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo. Ẹ ó rí i pé gbogbo ọ́ìlì náà kò pé lítà mẹ́fà. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ẹni tó bá ń ṣahun owó ọ́ìlì oríṣi méjì ń ṣahun ohun tí kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì tí wọn ò ṣe mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wádìí bí eyín gíà ṣe rí àti ibi tí idẹ wà

Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ béèrè nípa àpótí kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, báwo ni eyín gíà ṣe ń pàdé? Nínú gíábọ́ọ̀sì, eyín tó gún tàbí eyín tó dagun díẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń yí lórí ara wọn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fara gbora, nítorí náà ọ́ìlì tó wà láàárín wọn máa ń dúró síbi tó wà. Àmọ́ nínú axle ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gíà tí wọ́n ń pè ní hypoid ló wà níbẹ̀. Gíà kékeré tó ń gba agbára wọlé kò dojú kọ àárín gíà ńlá. Ó wà nísàlẹ̀ àárín náà tàbí lókè rẹ̀. Èyí ń jẹ́ kí eyín tóbi, kó lágbára, kí ọ̀pá tó ń gbé agbára wá sì lè wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eyín wọ̀nyí ṣe ń yí ni wọ́n tún ń yọ̀ lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń nu ọ́ìlì kúrò lójú ara wọn bí ẹni fi ìka nu àwo. Irin á wá fara kan irin pẹ̀lú ìwọ̀n agbára tó ga gan-an.

Ibí ni èròjà tí wọ́n ń pè ní EP, ìyẹn èyí tó wà fún irú agbára gíga bẹ́ẹ̀, ti ń wúlò. Imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Tí ojú eyín bá gbóná débi tí irin fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin, èròjà yìí á bá irin náà ṣe, á fi awọ tín-ín-rín kan bo ojú rẹ̀, awọ yìí ni yóò sì máa ya dípò kí eyín gíà ya. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ idẹ tàbí bàbà wà nínú àpótí yìí? Imí-ọjọ́ tó ń gba irin là náà ló ń mú bàbà dúdú. Ooru ló ń mú kí ọ̀rọ̀ náà yára. Nínú T-84, òrùka synchro tó ń jẹ́ kí gíà kejì àti ìkẹta wọlé láì ké jẹ́ idẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn wọ́ṣà tó ń gba ìtì ṣáàfùtì ìsàlẹ̀. Wọ́ṣà idẹ wà nínú transfer case jíìpù náà pẹ̀lú.

Mo ti tú irú gíábọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹni tó ni ín sọ pé ọ́ìlì tó lágbára jù lọ lòun ń fi sí i lọ́dọọdún. Ọ́ìlì tó jáde ń dán bíi pé wọ́n da lẹ́búlẹ́bú wúrà sí i. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, kò fà. Idẹ ni. Nígbà tí mo yọ òrùka synchro, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti èédú, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó mú mọ́ gíà sì ti jẹ tán, inú rẹ̀ ń yọ̀ bíi gíláàsì. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀, kò fi owó pamọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ló fi ba ohun tó fẹ́ràn jẹ́. Ó dùn mí.

Tí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú àpótí kan, ẹ wá àwòrán àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ nínú ìwé ìtọ́ni ológun. Ti Willys MB ni TM 9-803. Ẹ wo orúkọ ohun èlò tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ṣà àti búṣì. Bí ìwé kò bá sọ, ẹ ka àpótí náà sí èyí tó ní idẹ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ìtumọ̀ ohun tó wà lára agolo

API, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ti Amẹ́ríkà, ló ń fún gíà ọ́ìlì ní lẹ́tà GL. GL-1 jẹ́ ọ́ìlì látinú ilẹ̀ tí kò ní èròjà EP rárá. Ó lè ní ohun tó ń dènà ìpẹtà àti ìfófòó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. GL-2, GL-3 àti GL-6 ti di ohun ìtàn, tí ẹ bá rí i lára agolo, ẹ fi sílẹ̀. GL-4 ní EP níwọ̀nba. GL-5 ní tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti GL-4, hypoid tó ń ṣiṣẹ́ kíkan ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó kù ni MT-1, tó wà fún gíábọ́ọ̀sì tí kò ní synchro. Ó máa ń fara da ooru, kì í sì í ba síìlì jẹ́. Ọ̀pọ̀ oníjíìpù kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó sì ń ṣe àwọn ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ láǹfààní gan-an.

Àwọn kan á sọ fún yín pé GL-5 òde òní kì í jẹ idẹ mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: imí-ọjọ́ tí wọ́n ń lò báyìí kì í tètè já kúrò lára ohun tí wọ́n so ó mọ́, wọ́n sì ń fi èròjà tó ń dáàbò bo bàbà kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ṣì kù. Ìdánwò bàbà tí wọ́n ń pè ní ASTM D130 ló ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ki pẹlẹbẹ bàbà tó ń dán sínú ọ́ìlì tó gbóná tó 121°C fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé ìwé àwọ̀ láti 1a, tí bàbà ṣì ń dán, dé 4c, tó ti dúdú tó ti jẹ. GL-5 lè gba 3 kó sì yege. 3 ti dúdú díẹ̀ o. Nítorí náà, pé wọ́n kọ GL-5 sí agolo kò sọ bí yóò ṣe ṣe idẹ yín. Ìwé àlàyé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló lè sọ ọ́. Ẹ wá 1a tàbí 1b níbẹ̀. Tí wọn ò bá kọ D130 sínú ìwé náà rárá, èmi kì í fi irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sínú gíábọ́ọ̀sì tó ní idẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ká tiẹ̀ ní kò jẹ idẹ, GL-5 lè yọ̀ jù fún synchro. Òrùka synchro ní láti mú mọ́ gíà kó lè fà á dúró kí gíà tó wọlé. Tí ọ́ìlì bá yọ̀ jù, òrùka á máa yọ̀, gíà á ké. Ẹ̀yin náà á rò pé gíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ni.

Agolo tí wọ́n kọ GL-4 àti GL-5 sí pọ̀ ńkọ́? Ẹ rántí pé kó tó yege GL-5, ó ní láti ní EP tó GL-5. GL-5 ni kí ẹ kà á sí, kí ẹ sì béèrè D130 rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ túmọ̀ ohun tí ìwé àtijọ́ béèrè

Èdè tí ìwé ológun 1944 ń sọ kọ́ ni agolo òní ń sọ. Nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà ogun, ẹ ó rí GO 90 tàbí GO 80. Gíà ọ́ìlì ni GO, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni bó ṣe ki tó. Wọ́n tún ń pè é ní ọ́ìlì tó bá gbogbo gíà mu, ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tó bá ro bí ogun ṣe rí: ológun tó wà nínú ẹrẹ̀ lóru kò ní ààyè láti máa yan agolo. Ọ̀kan náà ni wọ́n fi sínú gíábọ́ọ̀sì àti axle. Ìdí nìyí tí ẹni tó ka ìwé náà lónìí fi máa ń rò pé ọ́ìlì kan náà ló yẹ kí òun fi sí gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ológun ń fẹ́ ìrọ̀rùn, wọ́n sì lè pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì nígbàkúùgbà. Àwa ń fẹ́ kí ẹyọ kan tó kù pẹ́.

Lẹ́yìn ogun ni àkọlé MIL-L-2105, ìyẹn ìlànà ológun Amẹ́ríkà fún gíà ọ́ìlì, dé. Ẹ lè mú un bíi GL-4. Ní 1962, MIL-L-2105B gba ipò rẹ̀, ìyẹn ló sì jọ GL-5. C àti D tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà MIL-PRF-2105E, lónìí J2360 ti SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ tó ń gbé òṣùwọ̀n ọ́ìlì kalẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ kíyè sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó rí MIL-L-2105 láì sí lẹ́tà, tó wá lọ ra ti D, ti fo láti GL-4 bọ́ sí GL-5 láìmọ̀.

Ọkọ̀ tó bá wá láti Yúróòpù lè ní nọ́ńbà NATO lára: O-186 ni 75W, O-226 ni 80W-90, O-228 ni 85W-140. Nínú ìwé Land Rover, EP90 ni ẹ ó rí. GL-4 80W-90 ló sún mọ́ ọn jù fún gíábọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọkọ̀ tó ti Ogun Àgbáyé Kìíní wá lè ní ìwé tó béèrè 600W. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti SAE. Orúkọ ọ́ìlì sílíńdà ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni, ó ki gan-an, kò sì ní EP. Kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ 80W tàbí 90.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan bí ọ́ìlì ṣe máa ki tó

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Òṣùwọ̀n gíà ọ́ìlì yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Gíà ọ́ìlì SAE 90 wà láàárín 13.5 sí 18.5 lórí òṣùwọ̀n ìkíki tí wọ́n ń pè ní cSt ní 100°C, ìyẹn sì jẹ́ bíi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 tàbí 50. Kò ki ju ìyẹn lọ.

Nínú 80W-90, 90 ń sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó gbóná, 80W sì ń sọ pé ó ṣì lè ṣàn ní òtútù tó lọ sílẹ̀ dé 26°C lábẹ́ òdo. 75W ń lọ dé 40°C lábẹ́ òdo, 85W kò kọjá 12°C lábẹ́ òdo. Tí ìwé yín bá béèrè SAE 90 nìkan, 80W-90 ṣe iṣẹ́ náà tó, ó sì tún dára jù ú lọ láàárọ̀ òtútù. Ìwé ìgbà ogun máa ń ní kí wọ́n lo 90 nígbà ooru, kí wọ́n sì sọ ọ́ di 80 tí òtútù bá ti lọ sábẹ́ òdo. Agolo kan ṣoṣo ti gba iṣẹ́ méjèèjì báyìí.

85W-140 ní àyè tirẹ̀: ibi tí ooru pọ̀ sí, axle tó ń gbé ẹrù wúwo, tàbí axle tí eyín rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ tó sì ń ké. Ẹ má fi sí gíábọ́ọ̀sì tó ní synchro. Tí ọ́ìlì bá ki jù, òrùka synchro kì í lè là á kọjá láti mú mọ́ gíà, bí ẹ bá sì gbéra láàárọ̀, gíà kejì á ní òun ò wọlé.

Nínú gíábọ́ọ̀sì tí kò ní synchro, bíi ti àwọn ọkọ̀ ológun Dodge WC, ìkíki ọ́ìlì tún ń ṣe ohun mìíràn tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yín á mọ̀. Ọ́ìlì tó ki ń fa àwọn gíà dúró kíá lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ẹ ní láti tètè gbé gíà sókè. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ń jẹ́ kí wọ́n máa yí lọ, ẹ ó sì dúró díẹ̀ sí i kí ẹ tó ti lífà wọlé. Ẹni tó ti mọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́wọ́, tó wá yí ọ́ìlì padà, á rí i pé òun ní láti tún kọ́ bí òun á ṣe máa yí gíà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Báyìí ni èmi ṣe ń pín in.

Gíábọ́ọ̀sì tó ní synchro idẹ, bíi T-84 àti ti Land Rover Series: GL-4, 80W-90. Ní ibi tí òtútù ti ń mú, 75W-90 tó jẹ́ GL-4 dára.

Gíábọ́ọ̀sì tí kò ní synchro: MT-1 ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. GL-4 tàbí GL-1 tó ki tó 90 náà dára, ẹ wo ohun tí ìwé rẹ̀ sọ.

Transfer case: ohun tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi sí i. Wọ́ṣà idẹ jẹ́ ìdí kan. Ìdí kejì ni pé nínú jíìpù, ọ́ìlì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀rìn tó wà láàárín wọn kọjá látinú ọ̀kan sínú èkejì. Tí ẹ bá fi GL-4 sí iwájú, tí ẹ fi GL-5 sí ẹ̀yìn, oṣù díẹ̀ sí i, àdàlù ni ẹ ní. Ẹ sì máa yẹ ìwọ̀n méjèèjì wò pọ̀: ọ̀kan lè kún àkúnjù nígbà tí èkejì ti gbẹ.

Axle hypoid: GL-5, 80W-90. Níbí, ẹ má ṣojo. Ẹni tó bá fi GL-1 síbẹ̀ nítorí pé ó ń bẹ̀rù GL-5 ń pa axle rẹ̀ ni, ojú eyín á ti ya kó tó lọ jìnnà.

Axle aláràn (worm), èyí tí irin oníyìíyí bíi ìdè ṣúkúrúù ń yí gíà idẹ ńlá: ẹ ó rí i lára ọkọ̀ ẹrù Liberty tí Amẹ́ríkà ṣe fún Ogun Àgbáyé Kìíní. Idẹ gan-an ni gíà tó ń gbé gbogbo agbára níbẹ̀, ó ń yọ̀, ó sì ń gbóná. GL-5 kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ọ́ìlì kíki tí kò ní EP ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún gíà aláràn inú ilé iṣẹ́, tí wọ́n kọ ISO VG 460 tàbí 680 sí, ìyẹn òṣùwọ̀n ìkíki ọ́ìlì ilé iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ISO pa yín lójú: VG 220 ló dà bíi SAE 90.

Àpótí sítíárìn: ọ́ìlì ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ torí pé síìlì rẹ̀ ń jò, àwọn èèyàn á ki gíríìsì kíki bọ̀ ọ́. Gíríìsì á lọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kò ní padà síbi tí eyín ti ń ṣiṣẹ́, eyín á máa ṣiṣẹ́ gbígbẹ. Ẹ tún síìlì ṣe, ẹ padà sí ọ́ìlì. Tí kò bá ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀, gíríìsì tó rọ̀ bí ọbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ NLGI 00 sí, sàn ju èyí tó dúró gbọnin lọ.

Àwọn kan wà tí gíà ọ́ìlì kò kàn rárá. Ọkọ̀ ìhámọ́ra Ferret ti Britain ní gíábọ́ọ̀sì tí ẹ ti máa ń yan gíà sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì búréèkì ló wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ló ń gbà. Búréèkì tí ọkọ̀ ìjà Sherman fi ń yà sọ́tùn-ún sósì wà nínú ọ́ìlì kan náà tí gíà rẹ̀ wà, ìdí nìyí tí ìwé rẹ̀ fi béèrè ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Àwọn GMC M135 àti M211 ọdún 1950 lọ sókè ní Hydra-Matic, gíábọ́ọ̀sì tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá da GL-5 sínú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ máa tú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán ọ́ìlì wò fúnra yín

Tí ìwé àlàyé kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, èyí ni mo máa ń ṣe. Ẹ gé bàbà díẹ̀ láti ara wáyà iná tó nípọn, ẹ fi bébà yanrìn ha á títí á fi máa dán pọ́n yòò, ẹ má sì fi ìka kàn án mọ́. Ẹ gbé e sínú ìgò kékeré tó lè fara da ooru, kí ọ́ìlì bo ìdajì rẹ̀, kí ìdajì kejì wà lókè láti fi ṣe àfiwé. Ẹ fi ìgò míì tó ní ọ́ìlì lásán tí kò ní EP sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sínú ìkòkò omi gbígbóná, ìkòkò tí ẹ kò ní fi se oúnjẹ mọ́, kí omi má wọ inú ìgò. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ gbé e sínú oòrùn.

Àwọ̀ ọsàn tó fẹ́lẹ́ kì í ṣe nǹkan. Tó bá di àwọ̀ elésè àlùkò tàbí búlúù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Tó bá dúdú, ẹ gbé agolo yẹn lọ sọ́dọ̀ axle. Omi kò lè gbóná kọjá bíi 100°C, ti ilé ìdánwò sì jẹ́ 121°C, nítorí náà tí ọ́ìlì kan bá yege lọ́wọ́ yín, kò tíì parí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kùnà níbí, ó ti kùnà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ o. Mo ti rí ẹni tó da gbogbo ọ́ìlì nù tán, tó wá rí i pé ìdérí òkè ti pẹtà mọ́ ibẹ̀, tí ọkọ̀ kò sì lè rìn mọ́.

Ẹ dá ìdérí òkè padà, kí ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì gbóná, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, ẹ sì wo ohun tó ń jáde. Tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé, bóyá nítorí pé ihò ìmí axle ti dí. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú irin tó fẹ́lẹ́ lórí mágínẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun tí a ń retí. Èérún tó ní etí mímú kì í ṣe ohun tí ọ́ìlì tuntun lè wò sàn.

Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróò fọ inú rẹ̀, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù á fẹ́ ọ́ìlì tuntun lẹ́lẹ́. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó fẹ́lẹ́ sí i, ẹ yí táyà lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ dà á nù sínú abọ́. Tí ẹ bá ń ti GL-5 bọ̀ sí GL-4, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ nípa síìlì: ti awọ àti ti fẹ́ẹ̀tì wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ti mọ ọ́ìlì látinú ilẹ̀ láti ìgbà ogun. Ọ́ìlì synthetic (èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe) tó fẹ́lẹ́ á rí ọ̀nà gbà níbi tí ti àtijọ́ kò rí. Tí ẹ kò bá tíì fi síìlì rọ́bà òde òní rọ́pò wọn, ọ́ìlì látinú ilẹ̀ ni kí ẹ lò. Síìlì awọ tuntun ní láti mu ọ́ìlì mọ́jú kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ihò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ tún fi ìka kan ẹnu ihò náà, torí ọ́ìlì kíki máa ń pẹ́ kó tó dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ má fi oògùn inú ìgò kékeré kankan kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà kun ìdérí kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ kan fún GL-4, òmíràn fún GL-5, kí ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́yìn yín má baà ṣì í. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ọ́ìlì àti nọ́ńbà tó wà lójú mítà sínú ìwé kékeré tó máa wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 150, ẹ yẹ ìwọ̀n gíábọ́ọ̀sì àti transfer case wò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì wo abẹ́ síìlì. Ẹ wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀ tí ohun gbogbo ṣì tutù, ẹ ti lífà láti gíà kìíní bọ́ sí ìkejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ́tí sí i. Tó bá wọlé láì ké, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà.